Kúmfá Kì í Ṣe ti Harold

Àtàǹpàkò òsì ló kọ́kọ́ wá ibi jókòó. Ó tẹ etí ife tánganran náà mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, bí ẹni di ọmọ aláìgbọràn mú létí. Ọwọ́ ọ̀tún gbé ṣíbí. Kọfí, ṣíbí kan. Ṣúgà, méjì. Omi gbígbóná, ẹ̀kán mẹ́fà, kò gbọdọ̀ pé méje. Ṣíbí náà dẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fara gbo ara ife, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń mì. Ìgbọ̀nwọ́ kò kúrò níhà. Ejìká kò tilẹ̀ gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Dúdú. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ilẹ̀ Jos lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ àkàrà tí kò tíì jinná. Ó wú. Ó ń gun ara ife lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀. Ìgbà yẹn ni ṣíbí dúró. Ọwọ́ gbé ìkòkò wàrà gbígbóná sókè, ó ga ju orí lọ, ó sì dà á wálẹ̀, tín-ín-rín, láìta ẹ̀kán kan sílẹ̀.

Ẹni tó ni ọwọ́ náà ni Inúmidùn Ọ̀pádọ̀tun. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará ilé rẹ̀ ṣe máa ń sọ, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, oorun tó sì ti sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ. Nítorí òkú ni mẹ́sàn-án nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá ló ti jókòó sí Terminus, lẹ́bàá ojú irin àtijọ́. Agbòòrùn pupa kan. Pákó ìjókòó méjì. Sítóòfù. Ní àárọ̀ ọyẹ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì a tò síwájú rẹ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu kálukú.

“Mama Kúmfá, guda ɗaya, da zafi!” Ọ̀kan, kó gbóná.

Èéhó ni Haúsá ń pè ní kúmfá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe kọfí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé níbo ló ti wá. Òun náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní ohun tó ń já a láyà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń kó ọlọ́jà kúrò lẹ́bàá títì ti lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé sítóòfù rẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí Philip Ọláníyan wá bá a, ó gbọ́ tirẹ̀.

Ọmọ Terminus ni Philip. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Òun lọ sí Àbújá, ó padà dé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti ẹ̀rọ kọfí kan tó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó. Ó fẹ́ ṣí ilé kọfí kan sí Rayfield, àdúgbò àwọn olówó. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń fín, ó ń tu ooru. Gbogbo nǹkan ló lè ṣe, àfi kúmfá. Kúmfá sì ni àwọn ènìyàn ń béèrè.

“Àǹtí Inú, ẹ wá bá mi pò ó. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ibẹ̀.”

Òrùlé. Káńtà onígíláàsì. Àga tó ní ẹ̀yìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Obìnrin tó bá ti jókòó sẹ́bàá títì fún ọdún mẹ́tàlá nìkan ló mọ ohun tí èyí tó kẹ́yìn yẹn já mọ́. Inúmidùn ní òun gbà.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ìṣílé ló rí àwòrán ara ògiri ibẹ̀.

Òyìnbó kan. Fìlà líle, irun imú bíi burọ́ọ̀ṣì ìfọbàtà, ó dúró létí kòtò ìwakùsà. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàgàrà: KỌFÍ HAROLD. JOS, 1931.

“Ta nìyí?”

“Harold ni, Àǹtí.”

“Harold ọmọ ta ni?”

Philip rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Orí fóònù ni mo ti rí àwòrán ẹ̀. Àwa la fún un lórúkọ. Ọ̀gá awakùsà ni. Àárò ilé ń sọ ọ́, ó wá kọ́ ìyá ìyá yín bí wọ́n ṣe ń po kọfí oníwàrà ti ilé wọn. Ìyá ìyá yín ni kúùkù ẹ̀.”

“Ata ni ìyá ìyá mi tà ní Farin Gada títí wọ́n fi kú. Wọn ò dáná fún òyìnbó kankan. Bàbá ìyá mi gan-an, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dáná fún un.”

“Àǹtí, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Lọ́jọ́ ìṣílé, ẹ kàn sọ ọ́ fún àwọn àlejò. Kò sẹ́ni tó ń mu kọfí lásán mọ́. Ìtàn ni wọ́n ń mu. Kọfí oníwàrà tó bá lórúkọ láyé yìí, ó ní ibi tí wọ́n ní ó ti wá.”

“Èyí náà ní ibi tó ti wá.”

“Ó dáa. Ẹ sọ ọ́.”

Inúmidùn jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ó sì sọ ọ́.

Oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ní Jos lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ìjọba ṣòfin kónílé-ó-gbélé. Ní àdúgbò Dilimi, ilé Monica, ìyá Inúmidùn, àti ilé Rùkáyyàh, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà, kọ ẹ̀yìn síra wọn. Odi kan ló wà láàárín. Odi yẹn, àti gọ́tà kan. Nítorí omi inú gọ́tà náà, àwọn obìnrin méjèèjì kò tíì kí ara wọn fún oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Omi ọṣẹ ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, oúnjẹ tán ní ilé méjèèjì. Màlúù kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé Rùkáyyàh kò rí koríko jẹ. Wàrà tó mú wá kò kún ìkòkò kékeré. Rùkáyyàh ní ọmọ mẹ́fà. Monica ní márùn-ún. Inúmidùn ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn Monica kò ju páálí kọfí kan lọ, ìyókù ọjà rẹ̀, àti ṣúgà.

Ni ohùn kan bá ké láti ẹ̀yìn odi. “Monica! Kina da sukari?” Ṣé o ní ṣúgà? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Kò sí sannu, kò sí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

“Mo ní. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Bí o bá ní ṣúgà, kó àwọn ọmọ rẹ wá. Bí o ò bá ní, kí kálukú lọ sùn.”

Ìkòkò kékeré kan, ọmọ mọ́kànlá. Tí wọ́n bá pín wàrà náà bẹ́ẹ̀, kálukú yóò rí ìsàlẹ̀ ife rẹ̀, ẹkún yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹkún kì í ṣe ohun tí ènìyàn fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá po kọfí mọ́ ṣúgà. Wọ́n pò ó, wọ́n pò ó, títí ó fi hó, tó wú, tó di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n da wàrà lé e láti òkè kó lè tún hó sí i. Ife mọ́kànlá kún dé etí. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó rí ìsàlẹ̀ ife, kò sì sí ọmọ tó ké.

“Ohun tí kúmfá jẹ́ nìyẹn,” ni Inúmidùn wí. “Kò wá láti òkè òkun. Orí odi ló gbà wá.”

Philip fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

“Àǹtí, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mi ò lè tà á. Àwọn tó ń bọ̀ níbí fẹ́ gbàgbé ọdún yẹn. Àwọn míì sin èèyàn. Tí ẹ bá ti gbé Dilimi dé, tí ẹ dárúkọ obìnrin yẹn, ẹnì kan á dìde lọ. Harold ò bá ẹnikẹ́ni jà.”

“Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé kò sí.”

“Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.”

“Philip, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta lo wò?”

Philip wo ògiri, ó wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Àǹtí. Tí ẹ ò bá lè sọ ti Harold, màá wá ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n pò.”

Ó ti yé Inúmidùn. Òrùlé àti Harold, apá kan náà ló gbé wọn, kò sí bó ṣe lè gba ọ̀kan láìgba èkejì.

Nílé, Tẹjú ọmọ rẹ̀, tó wà ní yunifásítì, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí fóònù. “Haba, Mama! Ẹ sọ Harold, kí ẹ gba tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Wa ya damu?” Ta ló kàn?

“Èmi ló kàn. Mo mu nínú ife yẹn.”

“Gbogbo èèyàn ń purọ́ ọjà.”

“Kí wọ́n pa irọ́ ọjà tiwọn. Ebi tó pa mí, n ò ní fi ta òyìnbó lọ́rẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Dilimi. Monica ti kú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n Rùkáyyàh wà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú kan ò ríran mọ́, ẹnu mú ju ti àtijọ́ lọ. Haúsá ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

“Hájíyà, wọ́n ní òyìnbó ló kọ́ wa ní kúmfá.”

“Òyìnbó wo?”

“Harold.”

“Ṣé ó wá síbí?”

“Kò wá.”

“To, ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, wá mú mi.”

Sátidé dé. Àwọn àlejò kún inú ilé kọfí Philip. Kálukú na fóònù sókè. Inúmidùn wọ súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ lọ sí Terminus. Rùkáyyàh wà níwájú pátápátá, lórí àga tí ẹnì kan ti fi báàgì gbà sílẹ̀. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀. Philip fún Inúmidùn ní gbohùngbohùn, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ káàsán o. Sannunku. Wọ́n ní kí n sọ ibi tí kọfí yìí ti wá. Dilimi ló ti wá.”

Philip di ojú.

Ó sọ ọ́ tán pátá. Ọjọ́ Ẹtì. Gọ́tà. Ìkòkò kékeré. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ Rùkáyyàh, kò rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà kankan. Láàárín ọ̀rọ̀, obìnrin kan gbé pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó jáde, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Philip rí i. Inúmidùn náà rí i. Ó dùn ún. Kò dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Ìyá mi mú ṣíbí, wọ́n sì ń pò ó…”

“Ƙarya!” Irọ́ ni! Rùkáyyàh ti dìde. “Ṣíbí wo? Maburgi ni! Igi tí mo fi ń po nónò! Ọwọ́ mi ló pò ó!”

“Hájíyà, ẹ jókòó, mo wà níbẹ̀.”

“O wà níbẹ̀, ò ń pọ́n àbúrò rẹ, o kọjú sí ògiri! Monica ò mọ nǹkan kan pò. Ọbẹ̀ rẹ̀ gan-an, ó ń dì!”

“Ẹ má bú ìyá mi lórí gbohùngbohùn!”

“Kí ó jí, kó wá bá mi jà!”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan láti ẹ̀yìn nawọ́ sókè. “Òyìnbó ara ògiri yẹn ńkọ́?”

“Òun náà wá mu kọfí ni,” ni Inúmidùn wí.

Lẹ́yìn èyí, ó po kúmfá. Ife mọ́kàndínlógójì. Rùkáyyàh tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà kò tó.

Philip bá a ní ibi ìfọbọ́. Kò pariwo. “Ẹ lé èèyàn jáde fún mi, Àǹtí.”

“Mo rí i. Yọ Harold kúrò, n ó dúró.”

“Mi ò lè yọ ọ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sára ife.”

“Kí Harold máa pò ó nígbà náà.”

Ó fọ ife tánganran méjì tó mú wá láti Terminus, ó nù wọ́n, ó fi gèlè wé wọn. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó fara balẹ̀, ó fọwọ́, ó jáde. Ó di Rùkáyyàh lápá mú lọ sídìí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń jà lórí maburgi títí wọ́n fi dé Dilimi.

Lọ́jọ́ Ajé, Inúmidùn padà sí Terminus. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lé e lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ó padà lẹ́ẹ̀mejì. Philip kò ta kúmfá mọ́. Tẹ́lẹ̀, Inúmidùn kì í sọ ibi tó ti wá. Ní báyìí, ẹni tó bá ra ife kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbọ́ orúkọ obìnrin méjì kó tó mu ún.