Nọ́ọ̀sì tó fi hóró ẹ̀wà ka ọjọ́ mi

Ọdún kejì lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ayé fi aṣọ bo imú, tí wọ́n ti ọjà pa, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sílé títí wọ́n fi ń gbàgbé ìwé, ọdún náà ni nọ́ọ̀sì kan dé sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọmọ Komu ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. N kò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kí ó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe ń jáde.

Òrí ni iṣẹ́ mi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí èso rẹ̀ bá ń já bọ́ nínú oko, a ó ti lọ ṣà á kí ìrì tó gbẹ. A ó sè é, a ó sá a, a ó pa á, a ó gún un, a ó yan án, a ó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá fi omi pò ó nínú ọpọ́n, a ó máa fi ọwọ́ lù ú títí dúdú rẹ̀ yóò fi di funfun. Iṣẹ́ ẹni méjì ni pípò yẹn. Bí apá ẹnì kan bá ti kú, ẹnì kejì a gbà á. Èmi àti orogún mi la jọ ń ṣe é láti ìgbà tí ọkọ wa ti wà láyé. Ẹ má rò pé a fẹ́ràn ara wa o. A jà nítorí omi, a jà nítorí igi ìdáná. Ọdún kan wà tí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a gbin iṣu títí a fi wà á, síbẹ̀ a jọ ń po òrí. Bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, adìyẹ ni n ó bá wí. Òun náà a sì bá adìyẹ náà wí padà.

Ìgbà ọyẹ́ ni orogún mi kú. Àwọn ènìyàn wá ń kí àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ńkọ́, kí ni wọn yóò kí mi sí? Ta ló rí orogún tó ń ṣọ̀fọ̀ orogún rí? Ìyá kan ní ẹ̀yìnkùlé wa tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ìyá Olóòrí, ilé wá gbòòrò wàyí." Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èso òrí tún já bọ́, mo ṣà á, ṣùgbọ́n n kò pa á. Ó wà nínú àpò títí ó fi bu. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́, bí ẹni ń jẹ eérú ni. Mo máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, n ó wà lórí ẹní, n kò ní lè dìde, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kan tí n ó nàka sí pé ibí ló ń dùn mí. Orí a wúwo, àyà a máa tẹ̀ mí bí ìgbà tí ènìyàn gbé odó lé e. Bí mo bá ń kírun, n kò ní mọ̀ bóyá mo ti forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni tàbí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ mi kò pa mí tì, ó yẹ kí n wí èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́jú ibà fún mi. Wọ́n ra oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹnì kan ní òkú orogún mi ló ń pè mí. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tó wà láyé gan-an kì í pè mí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ní ogbó ni, èmi náà sì gbà fún un. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń ṣe mí, n ó ní, "Ilé ló ń pè mí." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbà ṣe ń wí. Wọ́n á ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n lọ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé nọ́ọ̀sì yìí, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti ń dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olóòrí?"

"Èmi ni."

"Mo mọ àwọn tó ń po òrí nílé wa. Ọwọ́ wọn kì í gbẹ. Tiyín ti sán. Láti ìgbà wo lẹ kò ti pò ó?"

Gbogbo àwọn tó ti fún mi lábẹ́rẹ́ lọ́dún náà ló di ọwọ́ yẹn mú, kò sí ẹni tó wò ó nínú wọn.

Ó mú ìwé kan jáde. Ó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ènìyàn ló ń ṣàìsàn. Ó ní ẹni tó mọ̀wé lè fúnra rẹ̀ kà á kó sì dáhùn, ṣùgbọ́n òun yóò kà á fún mi.

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni kò wù yín láti ṣe ohunkóhun?"

"A dúpẹ́," ni mo wí.

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Alihamudulilahi."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń ṣe é."

Bí mo ṣe dá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lóhùn nìyẹn. Ó ka ohun tó kọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, òdo lẹ gbà. Pẹ̀lú ohun tí ẹ wí yìí, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ jókòó síbí, kí èmi wá dùbúlẹ̀ kí ẹ tọ́jú mi."

Kí ni kí n ti ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tí wọ́n bá kí kì í da àìsàn rẹ̀ sí ẹni tó kí i lára. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi. Ìyàwó ọmọ mi sì jókòó tì mí gbagidi. Ṣé iwájú rẹ̀ ni n ó ti sọ pé mo ń sunkún orogún?

Nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo ìyàwó ọmọ mi. Ó ní kí ìyàwó lọ bá òun ra ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan wá, èyí tí wọn kò tíì sè. Nígbà tó rà á dé, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó jọ̀wọ́ kó dúró de Màmá lábẹ́ igi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó to ìdérí ìgò oògùn mẹ́rin sórí tábìlì.

"Màmá, mo ti kí yín tán látẹnu ọ̀nà, ẹ sì ti dá mi lóhùn. Èyí kì í ṣe kíkí. Ẹ fi ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi dáhùn. Bí mo bá béèrè nǹkan, ẹ mú hóró ẹ̀wà kan. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ sọ ọ́ sínú ìdérí àkọ́kọ́ yìí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ìkejì. Bó bá ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, ìkẹta. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, ìkẹrin."

Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ń wí yẹn kò yé mi, ọjà ni mo fi ń ka ọjọ́, ọrọọrún la sì ń ná tiwa, ọjọ́ mẹ́rin lójú àwọn tó mọ̀wé. Kò bá mi jiyàn. Ó ka ìka rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Láti ọjà mẹ́ta sẹ́yìn, kí a fi ọjọ́ méjì lé e."

Ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Ó béèrè oorun, hóró ẹ̀wà bọ́ sínú ìdérí kẹrin. Ó béèrè oúnjẹ, ìkẹrin. Ó béèrè bóyá mo ń ka ara mi sí ẹni tí kò wúlò, mo rántí èso tó bu nínú àpò, ìkẹta. Ó béèrè bóyá ọkàn mi kì í dúró lójú kan, mo rántí ìrun mi. Títí a fi kan ìkẹsàn-án. Ó rọra bi mí: ṣé mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n kú?

Mo di hóró náà mọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, àgbà ni mí. Ilé ń pè mí."

Kò sọ pé n ó pẹ́. Ó ní, "Màmá, àgbà tí ilé ń pè a máa palẹ̀ ẹrù mọ́. A pe àwọn ọmọ rẹ̀, a pín aṣọ, a sọ ibi tí wọn yóò sin òun sí. Ẹ ti pín nǹkan?"

"Rárá."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ lọ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kúrò níbí?"

Mo sọ hóró náà sínú ìdérí kẹta. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Ó bi mí bóyá mo ti ń gbèrò láti fi ọwọ́ ara mi ṣe nǹkan. Mo ní rárá, àdúrà ni mo ń gbà pé kí n má jí. Ó ní ó dára tí mo sọ fún òun. Kò pariwo, ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo wá sọ ti orogún mi fún un. Ó gbọ́ ọ títí mo fi sọ ọ́ tán, kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé òun kò béèrè ìdí, iye ọjọ́ ló ń béèrè, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló ka hóró ẹ̀wà. Ó ní ìwé náà kọ́ ni dókítà. Ó dà bí ọ̀pá tí a fi ń tẹ ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ wò kí a tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Dókítà ní Ṣakí ni yóò sọ bí ó ṣe jìn tó. Ó pe àìsàn náà ní ìsoríkọ́. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi bá èmi àti ìyàwó ọmọ mi lọ sí Ṣakí, nínú gbogbo eruku yẹn. Dókítà náà béèrè títí, ó yẹ̀ mí wò, ó ní bí nọ́ọ̀sì ti wí náà ni. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kò ní ṣiṣẹ́ kíákíá, n kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi.

Nọ́ọ̀sì ń tún ẹ̀wà náà kà pẹ̀lú mi lóòrèkóòrè. Ní ìgbà kẹta tí a ó kà á, mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú ìdérí kìíní àti ìkejì. Ara mi kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀. Àánú ọmọ náà ló ṣe mí. Òun tó ti ṣe wàhálà mi tó báyìí, mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ó wo ẹ̀wà, ó wo ojú mi.

"Màmá, ẹ ń fi ènì sí i fún mi."

Ó fa àwọn ìdérí náà sún mọ́ ara rẹ̀.

"Bí dókítà bá rí èyí, ó lè ní kí ẹ dín oògùn kù, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Mo da ẹ̀wà padà. Ohun tí mo fi ń yin ọmọ náà jù lọ nìyí: ó gbá mi mú nínú irọ́, kò sì jẹ́ kí ojú tì mí. Èmi tó tó ìyá ìyá rẹ̀, n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Ó ní kí n máa ṣe nǹkan kékeré kan láàárín ọjà sí ọjà, kódà kó jẹ́ kí n pa èso òrí igbá kan. Nígbà tí mo ní kò sí ẹni tí n ó bá pò ó, ó wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ká apá aṣọ, ó jókòó sí òdìkejì ọpọ́n. Kò mọ̀ ọ́n lù rárá, ó ń fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọmọ jòjòló má jí. Mo ní, "Lù ú. Ṣé ó gbà ọ́ lọ́kọ ni tí o fi ń bẹ̀ ẹ́?"

Ó gbé ojú sókè. "Màmá, òní lẹ kọ́kọ́ bú mi. Inú ìwé ni n ó kọ ọ́ sí."

Ẹ̀wà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti ìdérí kẹrin lọ sọ́nà ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe lọ́nà tààrà. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tó pé ọdún tí orogún mi kú, ó padà sẹ́yìn púpọ̀, mo rò pé ó ti tán fún mi. Nọ́ọ̀sì ní kí a lọ rí dókítà, a lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ti ń bínú pé ìyàwó ọmọ mi kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó. Ìyàwó ní, "Màmá, bí mo ṣe ń se é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí nìyí." Inú rẹ̀ ń dùn bí ó ti ń wí i.

Iléyá ọdún náà, gbogbo àwọn ọmọ mi pé. Mo sọ fún wọn pé ìsoríkọ́ ló ṣe mí, mo ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Àkọ́bí mi bojú wẹ̀yìn bóyá ará ilé kejì ń gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ rọra. Wọ́n á ní orí yín ti dàrú."

Mo ní, "Nígbà tí ẹ ní ibà ni, ta lẹ rọra sọ ọ́ fún? Títí dé Ìgbẹ́tì ni wọ́n gbọ́ pé ibà ń ṣe ìyá yín."

Ẹ̀rín pa àwọn yòókù. Mo ní wọn kò ṣẹ̀ mí, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tọ́jú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ogbó dá mi lóhùn mọ́, nítorí ogbó kì í gba adùn oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn, kì í ní kí ó máa tọrọ pé kí òun má jí. Mo ní ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe nínú wọn, kí ó tètè lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án bí wọ́n ti bi mí, kí ó má dúró dìgbà tó bá mọ ohun tó fà á.

Wọ́n jáde lọ sídìí ẹran. Èyí tó ń gbé Ìṣẹ́yìn nínú wọn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró lẹ́yìn. Ó ń tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Màmá, ṣé wọ́n máa ń bi ọkùnrin pẹ̀lú?"

Mo ní, "Wọ́n máa ń bi wọ́n. Ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó."