Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Wà Nínú Káàdì

Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í ṣe oníjà. Ogójì ọdún ló ti fi ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ padà wá pé kò gba òun mọ́, ẹ̀rín ni ìyá máa ń rín. Á ní, "Ara yín ló yí padà, aṣọ ò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá yín tú u díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kó o sí ìrìn àjò. Ọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta kó tó rí ẹni tó gbà láti fẹ́ ẹ, ní ìlú tó jìn réré. Ló bá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù: "Tètè máa bọ̀, kí ìyàwó mi má lọ tún inú rò. Kóòtù àti ṣòkòtò tí n óò wọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí o."

Ìyá Abẹ́rẹ́ rán an, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sínú báàgì tí kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kàn. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ó gba pápákọ̀ òfurufú lọ. Aago méjìlá ọ̀sán ni bàálù yóò gbéra.

Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò jókòó sórí àga gíga. Ó gba káàdì ìdánimọ̀ ìyá, ó wò ó, ó wo ìyá, ó tún wo káàdì.

"Mama, ta nìyí?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó wà níbí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, eyín ń dun ìyá gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún sì wú bí ìrọ̀rí. Ó bẹ ayàwòrán pé kó jẹ́ kí òun padà wá tó bá rọlẹ̀. Ìyẹn ní bó bá ti lọ, ó di oṣù mẹ́sàn-án.

"Eyín ló ń dùn mí nígbà yẹn. Wọ́n ti yọ ọ́." Ìyá la ẹnu gbàgà kí ọkùnrin náà lè rí àlàfo.

Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. "Òfin ò mọ eyín, Mama. Òfin ní kí ojú ènìyàn jọ káàdì rẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe káàdì ló yẹ kó jọ mí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ojú, ìjọba ló ni káàdì. Tó bá di àríyànjiyàn, ti ìjọba là á gbà."

Wọ́n pe ọ̀gá. Obìnrin kan ni, gíláàsì kan lójú, òmíràn lórí. Ó mú ìwé gígùn kan jáde, ó ń ka àwọn nǹkan mìíràn tí òfin gbà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀? Ìyá ò wa ọkọ̀ rí. Káàdì ológun? Ìyá wò ó ṣùn-ùn. "Ìwé àṣẹ láti ní ìbọn ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo ní."

"Ó mà ṣe o. Ká ní ìbọn ni, ẹ ò bá ti wọlé."

Ibẹ̀ ni ojú ìyá bá aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin orí àga gíga. "Ọmọ mi, yí kọ́là ẹ síta. Òwú pupa mẹ́ta wà níbẹ̀. Èmi ni mo rán an. Ọgọ́ta ni mo rán fún yín lọ́dún tó kọjá."

Ó yí kọ́là síta. Òwú pupa mẹ́ta náà rèé. Àwọn tó tò sẹ́yìn pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá náà mi orí. "A gbà pé ẹ̀yin lẹ rán aṣọ wa. Àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni ẹ̀yin." Ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí yín, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Ta ni yóò wá? Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ń dúró de ṣòkòtò ní ìlú tó jìn. Aago mọ́kànlá sì ti kọjá.

Olùkọ́ obìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọra fà á lápá. "Ìyá, súìtì wà lọ́wọ́ mi o."

Ìyá kọ́kọ́ rò pé ó ń pẹ̀tù sí òun nínú ni. Ìgbà tó yé e, ó gba mẹ́ta, ó kì wọ́n bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó sì kọjú sí ọkùnrin náà.

Ojú ọkùnrin yẹn tàn. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yin gan-an rèé! Kí ló dé tí ẹ ò ti ṣe báyìí láti àárọ̀?"

Ìyá ò lè fèsì. Ẹnu rẹ̀ kún.

"Ẹ rọra lá a o," ni ọ̀gá sọ bó ti ń kọjá. "Ẹlòmíì ṣì máa wo káàdì lẹ́nu ọ̀nà bàálù."

Ìyá Abẹ́rẹ́ sáré bí ọmọge, súìtì ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó débẹ̀, ẹyọ kan ló kù, ó bá fi ahọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jáde. Wọ́n kí i káàbọ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ṣòkòtò ọkọ ìyàwó fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí ìbẹ̀rù ti jẹ ẹran ara rẹ̀. Orí ìdúró ni àbúrò rẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ bá a dín in kù, ìyàwó sì fẹ́ ẹ láìtún inú rò.

Nígbà tó dọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹ̀gbọ́n ní òun yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un. Ìyá ní ó tì o. Ó gba gáréèjì lọ, ó wọ bọ́ọ̀sì tí yóò rin ọjọ́ méjì gbáko. Ohun kan ṣoṣo tí dírẹ́bà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni bóyá atẹ́gùn ojú fèrèsé ò ní yọ ọ́ lẹ́nu.