Ìyá Olómidùn àti Ìkòkò Tó Ń Mí

Ọjọ́ tí wolé-wolé yọjú sí ìkòkò Ìyá Olómidùn l'Ájà, títí dòní, àwọn èèyàn ò tíì sọ ọ́ tán. Ọdún 1978 ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntọ́lá lorúkọ wolé-wolé náà, ṣòkòtò péńpé kakí, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń wá tanwíjí nínú omi olómi. Ó ṣí ìkòkò ńlá kan, ó yínmú.

"Ìyá, omi yìí ti lo ọjọ́ mélòó níbí?"

"Ọjọ́ wo? Ìyá mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó jù ẹ́ lọ, kí i."

"Kí ló dé tó ń hó? Iná ò sí nídìí ẹ̀."

"Kò hó. Ó ń mí ni."

Omidùn ni, omi kíkan tó máa ń lé sórí ògì. Ìyá kì í jẹ́ kó tán láéláé: tó bá ti ṣe ògì tuntun, á bu díẹ̀ sí i nínú ti tẹ́lẹ̀, kó lè kan bó ṣe yẹ. Ó ní àwọn nǹkan kéékèèké tójú ò rí ń gbénú ẹ̀, àwọn ló ń bá èèyàn tún inú ṣe. Àgbà ló sọ ìkòkò náà. Láàárọ̀, kó tó kí ọkọ ẹ̀, á kúnlẹ̀: "Àgbà, ẹ jíire?" Ọkọ ẹ̀ ní ká ní òun mọ̀ ni, òun náà ì bá ti kan.

Wolé-wolé ní kó da Àgbà nù kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di kóòtù. Ojú Ìyá rẹ̀wẹ̀sì. "Tí mo bá dà á nù, ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kú." Wolé-wolé ní òun fẹ́ yẹ ṣáláńgá wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan.

"Ọmọ mi, kí lo lò?"

"Eéwo ló mú mi, Ìyá. Wọ́n fún mi ní kápúsù. Ó ku méjì."

"Ẹn-ẹ́n! Kápúsù lé olè, ó lé onílé mọ́ ọn. Lo méjì yẹn tán o, má dá a dúró. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká rán ayálégbé tuntun lọ." Ó bu ife kékeré kan fún un. "Ìwọ̀n yìí láàárọ̀, ìwọ̀n yìí lálẹ́. Máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i. Tí kò bá dá lọ́jọ́ kẹta, gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Àgbà ò kàwé dókítà."

Ní Jímọ̀, ó padà dé, ojú ẹ̀ ti wálẹ̀, ikùn ẹ̀ ti dákẹ́. Gbogbo àdúgbò rò pé ìwé kóòtù ló ká mọ́ abíyá. Aṣọ funfun ni, ó ní kí Ìyá máa fi bo Àgbà, kí eṣinṣin má bàa kó sí i.

Yẹ̀kínì dírẹ́bà gbọ́. Ó ní tí ife kékeré bá dáa, korobá á dáa jù. Ó gbé korobá kan mu tán kó tó kó èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn èrò ní kò sígbó tí àwọn ò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn mọ́. Ìyá bi í pé, "Ṣé mo ní kó o mu ún ni, àbí mo ní kó o fi wẹnú?"

Àmọ́ ọjọ́ tí Làtífátù gbé ìkókó ọlọ́jọ́ márùn-ún wá, tára ẹ̀ gbóná janjan, tó ní òun fẹ́ omidùn, Ìyá ò ṣeré. "Ọmọ tí ò tíì lórúkọ? Ọmú loúnjẹ ẹ̀, ọsibítù lọ̀nà ẹ̀!" Ó já ọmọ gbà, ó bọ́ sójú títì láìwọ bàtà, ó dá mọ́tò elépo dúró. Ọmọ yẹn ni Dúró tó padà wá ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé àwọn èèyàn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyá kì í ṣe. Ẹ lè mu omi Àgbà, ẹ ò lè gbà á lọ ṣe tiyín. Á ki ìbàdí mọ́lẹ̀, á fẹnu ṣe họ́n-ín: "Họ́n-ín! Èèyàn a máa tọrọ ìyá oníyàá?"

Ìyá kú nígbà ọyẹ́ ọdún 1985, lójú oorun, ó lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Sìdíkàt ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ máa bá ògì náà lọ. Ṣùgbọ́n Rùkáyàt, ìyàwó ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ń fọ abọ́ de àwọn àlejò. Ó rí ìkòkò kan tó ń rùn. Ó da omi gbígbóná sí i, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú, Sìdíkàt ò tíì sunkún. Ó wo inú Àgbà, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ fìdáù, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntọ́lá dé, ó ti fẹ̀yìntì. Ó gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó fa Sìdíkàt sí kọ̀rọ̀, ó yọ ìgò kan lábẹ́ agbádá. "Omi Àgbà ni. Ìyá fún mi, mo sì ń tọ́jú ẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni òun fún, kí n má sọ fẹ́nì kan."

"Irọ́ ńlá!" Yẹ̀kínì ló ti dúró sẹ́yìn wọn, ìgò lọ́wọ́ tiẹ̀ náà. "Èmi nìkan ló fún!"

Làtífátù tú ìborùn, ó yọ tiẹ̀. Làwọn méjì mìíràn bá tún dìde, ìgò lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Àlùfáà tó ń ṣe wàásù wúkọ́, ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgò mẹ́fà.

Ni gbogbo wọn bá ki ìbàdí mọ́lẹ̀, wọ́n fẹnu ṣe họ́n-ín bíi tiẹ̀: "Ìwọ nìkan ni mo fún o! Má sọ fẹ́nì kan!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi domi lójú wọn.

Sìdíkàt da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ sórí ògì tuntun nínú Àgbà, ó fi aṣọ funfun wolé-wolé bò ó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, ó ṣí i wò. Ó ń mí.

Sìdíkàt kúnlẹ̀. "Ìyá," ló wí, "ẹ jíire?"