Bàtà Akínbọ́lá Lẹ́nu Géètì

Tí ẹ bá gba Òkè-Odò kọjá lọ́dún 1988, tí ẹ rí ọkùnrin kan lábẹ́ páànù, tó kó ìṣó sẹ́nu, tó sì ń fi ẹnu kan náà jiyàn, Olúsànyà nìyẹn. Aránbàtà ni. Ẹ gbọ́ ná, mi ò tíì rí ẹni tó lè fi ìṣó mẹ́ta há eyín kó tún máa bá ìjọba wí bẹ́ẹ̀ rí!

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá a lóhùn. Akínbọ́lá ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò Command, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ìkẹjà. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn ìsìn, ìjọ a máa ṣe àríyànjiyàn nínú ọgbà. Ilẹ̀ mímọ́ sì ni ọgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà débẹ̀. Ẹnu géètì ni gbogbo bàtà ń sùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí ni pé ṣé ìṣẹ́ ló ń sọ èèyàn dolè. Olúsànyà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ẹ̀yin olùṣọ́ àkókò, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Baba tí ọmọ rẹ̀ kò jẹun láti àná, tí ẹ̀wà aládùúgbò wá ń ta sánsán lójú fèrèsé, ṣé orin ìyìn ló máa kọ sí i?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Akínbọ́lá dìde.

"Ẹ wo ọ̀rẹ́ mi yìí dáadáa. Ẹ wo ọrùn aṣọ ẹ̀ tó ti ya. Tálákà paraku ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ta ni Sànyà ti jí nǹkan ẹ̀ rí? Tí ìṣẹ́ bá ń sọni dolè, ẹ sáré lọ yẹ àpótí ọrẹ wò kẹ́ ẹ tó lọlé o!"

Áà, ariwo! Olúsànyà fúnra rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Akínbọ́lá dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Èmi náà rèé," ó ní. "Ó di oṣù karùn-ún báyìí tí wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́. Mi ò tíì mú nǹkan ẹnikẹ́ni."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Matilda tó ń ṣọ́ àkókò gbàgbé agogo sọ́wọ́. Akínbọ́lá ló borí, òun náà ló sì kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí Olúsànyà dé ẹnu géètì, bàtà dúdú tó ń dán, èyí tó rán fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń rán tàwọn ẹlòmíì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ti Akínbọ́lá ló wà níbẹ̀. Ó yí i dojú dé. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti lu, páálí ọṣẹ ni wọ́n gé sínú rẹ̀.

Julius, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, fò sókè. "Bùrọ̀dá Sànyà, ẹ ti borí! A gba máàkì padà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Akínbọ́lá. Ẹnu wọn sọ tiwọn, ẹsẹ̀ wọn sọ tiyín!"

"Gbé máàkì ẹ sápò jàre. Ó ṣì í wọ̀ ni."

"Kí wọ́n ṣi èyí tó lu fi sílẹ̀, kí wọ́n wá ṣi tuntun wọ̀?"

Olúsànyà gbé bàtà páálí náà há abíyá, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Command. Onílé ní ó ti kó lọ. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, Akínbọ́lá wọ bàtà kan tó ń dán lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fún un níṣẹ́, ó padà dé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, yàrá ti ṣófo.

"Ká ní ó béèrè ni," Olúsànyà ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, "ǹ bá bọ́ ọ fún un." Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹsẹ̀ èèyàn ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́, kò sì wo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí.

Ó fi awọ tuntun sí bàtà páálí yẹn, ó kùn ún títí ó fi ń dán. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń gbé e lọ sẹ́nu géètì, á kọ imú rẹ̀ síta, kí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín lè rọra kì bọ̀ ọ́. Ní àríyànjiyàn, apá tí Akínbọ́lá ì bá gbè ló wá ń gbè báyìí. Ó ń fìdí rẹmi ní gbogbo ìgbà, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín bíi tiẹ̀. Tí agogo bá dún, á wo ẹnu géètì kó tó jókòó.

Ọdún kan kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù ìkórè, ìsìn parí, ó jáde, ó dúró gbọnin. Bàtà tó tún ṣe ti lọ. Bàtà dúdú rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, imú rẹ̀ sí ìta.

Ó sáré! Pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó sáré títí dé ojú títì. Ó bi ìyá ọlọ́sàn, ó bi àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fiyè sí ẹnì kankan.

Nígbà tó padà dé, ó gbé bàtà náà wò. Gìgísẹ̀ òsì ti jẹ lọ, amọ̀ pupa gbẹ sí ojú rírán. Kò sí irú amọ̀ yẹn ní Òkè-Odò.

"Ó mà ti rìn o," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, Julius bá a lábẹ́ páànù, ó ti kó ìṣó sẹ́nu, ó ń kan gìgísẹ̀ tuntun mọ́ ọn.

"Ẹ ẹ̀ rí i, wọ́n dá a padà! Olè ni wọ́n, àbí wọn kì í ṣe olè?"

Olúsànyà ń kanṣó lọ.

"Ó dáa, ẹ ṣáà wọ bàtà yín ná."

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Tí mo bá wọ̀ ọ́, kí ni Akin á tún padà wá pààrọ̀?"

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàtà dúdú náà wà lẹ́nu géètì, ó ń dán, imú rẹ̀ sí ìta. Olúsànyà kò lọ síwájú níbi tó máa ń jókòó sí. Àga tó kángun sí géètì ló mú.