Ìlà Orin tí Mo Gbé Sókè

Mo rántí ìgbà tí ìjọ wa ní Festac kì í ṣe ìkórè kó má jẹ́ èmi ni màá dá orin. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ṣe é. Tó bá kan ibi tí màá dá kọ, gbogbo akọrin á dákẹ́, ẹni tó ń tẹ dùùrù á gbọ́wọ́ kúrò, èmi nìkan á wá máa kọ ọ́ lọ. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, á jókòó síwájú, á máa mi orí bíi pé òun ló kọ́ mi. Tí a bá jáde, àwọn ìyá á dì mọ́ mi, wọ́n á ní ohùn áńgẹ́lì ni mo ní. Màá ní, "Ẹ fi ògo fún Ọlọ́run, Mà," ṣùgbọ́n mi ò ní tètè kúrò lójú kan náà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí mi sọ ọ́. Áńgẹ́lì ọ̀hún nìyẹn o.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan dé láti Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá. Ó ń ta bọ́tìnnì àti sípù ní Trade Fair, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, kò sì mọ àmì orin tóníkì sófà kà rárá. Ọ̀gá akọrin ní kí n kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ dáadáa, torí inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ẹni tí kò mọ nǹkan tí mo mọ̀. Àfi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu tó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Yéè! Ẹni tó ń tẹ dùùrù yí ọrùn padà wò ó. Èmi ló máa ń yí ọrùn wò tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: owú gbá mi láyà mú. Mo jowú ohùn rẹ̀, mo jowú ẹ̀rín rẹ̀, kódà tó bá wúkọ́, ó máa ń ká mi lára pé ikọ́ rẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá akọrin ní ọmọbìnrin náà ni yóò dá orin lọ́dún yẹn. Mo ní, "Ó dáa gan-an, sà," mo bọ́ sí ilé ìyàgbẹ́, mo ṣí omi kó máa ṣe ariwo, mo sì sunkún débi tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ẹgbẹ́ wa, a kì í ní ìwé orin tó pọ̀. Èmi tí ìkọ̀wé mi mọ́ ni mo máa ń da orin kọ sínú bébà fún olúkúlùkù, wọ́n á sì lọ kọ́ ọ nílé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, níbi ìdánrawò, ọ̀gá wa yí ìparí apá tí ọmọbìnrin náà máa dá kọ padà. Ọmọ náà ò sí níbẹ̀, ó wà lọ́jà. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ fún un. Mo jókòó nídìí tábìlì bàbá mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, àfi ìlà tó kẹ́yìn. Níbi tó yẹ kí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀ kí àwa tó kù lè gbà á, mo kọ ọ́ kó gòkè. Mi ò lè ní bírò ló yọ̀. Rúlà ni mo fi fa ìlà sídìí rẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo mú un lọ bá a nílé fúnra mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ tún fẹsẹ̀ yín wá!"

Lọ́jọ́ ìkórè, ó kọrin náà, ó dùn dé egungun. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gòkè. A gbà á nísàlẹ̀, orin sì dàrú. Ó wo bébà, ó tún gbìyànjú, ohùn rẹ̀ já. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Mo wo iwájú bíi pé mi ò mọ nǹkan kan. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n adùn yẹn ò tó ìṣẹ́jú kan, torí mo rí i tó ń fi ìka tọ ìlà tí mo fi rúlà fà. Kò padà wá sí ẹgbẹ́ mọ́. Ọ̀gá ní ọmọ náà ò kọ́ orin rẹ̀ dáadáa, wọ́n bá dá ipò mi padà fún mi.

Kí ni mo wá ṣe? Mo di onígbàgbọ́ tí kì í wẹ̀yìn. Ní ìpàdé àwọn obìnrin, tí wọ́n bá ní ká fi àná sílẹ̀ ká máa lọ síwájú, àmín tèmi ló máa ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ oúnjẹ Olúwa, tí akọrin máa ń kọ́kọ́ jáde lọ gbà á, màá ní inú ń run mí. Ọdún méjì ni inú fi run mí. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá ìyá ìjọ, mo rò pé wọ́n á gbàdúrà fún mi, á sì tán síbẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún Ọlọ́run?"

"Àìmọye ìgbà, Mà."

"Ṣé o ti sọ fún ọmọ náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè mi ṣe.

"O ò fi àná sílẹ̀ o, ńṣe lò ń sá fún un. Dìde, máa lọ sí Trade Fair."

Mo bá a níbi tó ti ń to sípù sórí pákó. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé ìlà yẹn ò bá orin mu. Etí mi kọ̀ ọ́ nílé. Ọkọ mi gan-an ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní rárá, Àǹtí ló kọ ọ́, Àǹtí ò lè ṣì mí lọ́nà."

Mo kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó fà mí dìde, ó ní òun á dárí jì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe níwájú gbogbo akọrin, bàbá mi sì gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ọmọbìnrin náà tó wọlé ní ọjọ́ ìdánrawò kan, tó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Òun ló ń dá orin báyìí, ìlà kejì láàárín akọrin lèmi wà. Ẹ lè rò pé owú ọ̀hún ti kúrò lára mi. Kò kúrò o. Tó bá ti lanu, ó ṣì máa ń ta mí láyà, màá sì ní, "Olúwa, èmi náà tún nìyí." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá tún yí ìparí orin ìkórè padà, ọmọbìnrin náà sì wà lọ́jà. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi kọ tèmi." Mo kọ ọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ṣí bébà náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.