Ọmọ Pupa Tí Oòrùn Ò Mọ̀

Agbádá kan ni mò ń fi irin lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí. Ilé ìfọṣọ kan ní Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni, gbogbo wa sì ń sáré kí wọ́n tó tún mú un lọ. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mò ń lọ aṣọ lọ.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ìyá ọmọbìnrin tó wá ṣe àyẹ̀wò ilé ìwé ni?"

Mo ní èmi ni.

"Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé. Dókítà ní kí ẹ mú un padà wá lọ́la. Fítámì D tó ń mú egungun le ti lọ sílẹ̀ gan-an lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà rí ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Mo rí i, mà."

"Ṣé ó máa ń jáde síta ṣeré? Ṣé oòrùn máa ń kàn án?"

Ọ̀gá mi pariwo pé kí n gbé irin kúrò lórí aṣọ oníbàárà. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Ṣòkòtò, búbà, aṣọ ìbora àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, gbogbo wọn wà lórí okùn, wọ́n ń yá oòrùn. Ọmọ tí mo bí sì wà nínú yàrá tí wọ́n ta kọ́tìnnì bò ní Ẹlẹ́yẹlé.

"Kì í kàn án, mà."

Nọ́ọ̀sì fi ẹnu ṣe ṣíọ̀. "Nínú Ìbàdàn yìí? Ẹ̀yin ìyá yìí náà!"

Ẹ̀yin ìyá. Èmi náà ló bá wí, ta ni ìbá tún bá wí?

Àyẹ̀wò lásán la sì bá lọ o. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo fẹ́ fi í sí ló ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe àyẹ̀wò ara kó tó wọlé. Mo rò pé wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wo etí àti eyín rẹ̀, a ó sì máa lọ sílé. Dókítà ní kó rìn dé ibi ògiri kó sì rìn padà. Ọmọ mi rìn, ó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bíi pẹ́pẹ́yẹ. Nílé, tó bá rìn báyẹn, a máa ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó bi mí bóyá ó pẹ́ kó tó rìn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

Ọmọ mi pupa ni. Dúdú lèmi, bàbá rẹ̀ náà ò pupa. Ìyá ọkọ mi ní àwọ̀ ìyá tó bí àwọn ló gbé wá sáyé, láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ wọn ni ọmọ ń wà tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń fi ìtàn rẹ̀ ẹ́ sùn. Àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó jáde, nítorí kí oòrùn má baà gba àwọ̀ náà lára rẹ̀. Tó bá di dandan kó dé ìta, wọ́n á wọ aṣọ alápá gígùn fún un, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, wọ́n á dé híjáàbù kékeré sí i lórí, wọ́n á tún wá ṣí agbòòrùn lé gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé yòókù ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀, tèmi ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Mo sọ̀rọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níta."

"Ìyàwó, o fẹ́ kó wá dú bíi ta ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, torí tí ìyàwó ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń fajú ro. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ síta láti orúnkún, wọ́n ní ìdílé tèmi ló ti mú un wá. "Ṣé o ò rí bí bàbá rẹ ṣe ń rìn ni?" Bàbá mi tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbá wọn lẹ́sẹ̀ ní Dùgbẹ̀!

Lẹ́yìn ìpè nọ́ọ̀sì yẹn, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ẹní, ọmọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo sọ fún wọn ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

"Oòrùn?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Oòrùn ló ti wá di oògùn? Ṣé wọ́n ti ń tà á ní kẹ́míìsì ni?"

"Màmá, egungun rẹ̀ ni ò le. Oòrùn wà lára ohun tó ń mú un le."

"Èmi tí mo tọ́ ọkọ rẹ, ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Fi òrí máa ra ẹsẹ̀ rẹ̀, á tọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn ní Ring Road. Dókítà fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí i lẹ́nu. Ó ní kó máa jẹ ẹyin, kó máa jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun, kó sì máa jáde sínú oòrùn lójoojúmọ́. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ náà á tọ́.

"Ó ṣì kéré, ó lè tọ́," ló wí. "Àmọ́ tí ẹ bá tún fi falẹ̀, a lè ní láti gé egungun yẹn ká tó lè tò ó."

Gé egungun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ibẹ̀ la wà tí ìyá ọkọ mi fi jáde, wọn ò dáhùn ìkíni mi, wọ́n na ìborùn wọn bo ọmọ látòkèdélẹ̀. Mo ṣí i kúrò. Wọ́n tún bò ó. Mo tún ṣí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bo ọmọ mi mọ́."

"Ọmọ ta ni?"

Àwọn obìnrin ilé ti yọ jáde. Mo dìde. Mi ò kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi ni, mà. Tó bá dú, ẹ ní ó jọ mí. Tó bá yarọ, ta ló máa gbé e rìn?"

Ẹnì kan ní "hẹ̀ẹ̀n!" lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ti ń pe ọmọ wọn lórí fóònù, wọ́n sì nà án sí mi. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ní gáréèjì Challenge. Mò ń gbọ́ àwọn agbèrò lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo pé Èkó ku ẹnì kan.

"Kí ló dé gan-an?" ló bi mí. "Ṣé o ò lè mú sùúrù fún Màmá ni?"

"Sùúrù tí mo mú ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ yẹn."

"Ó dáa, máa ṣe ohun tí dókítà sọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bẹ Màmá."

Mi ò bẹ̀ wọ́n. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ẹni tó mọ dókítà máa tọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọmọ fúnra rẹ̀ ò fẹ́ oòrùn. Ó ń fa ẹsẹ̀ padà sábẹ́ òjìji ilé, ó ń wo ilẹ̀kùn màmá rẹ̀ àgbà, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mọ́mì, tí mo bá dú, Màmá ò ní fẹ́ràn mi mọ́. Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé irọ́ ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì níwájú àwa méjèèjì. Mo gbé e lé itan mi, mo fi ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Wàá dú díẹ̀," ni mo sọ fún un. "Wàá jọ mí. Èmi á fẹ́ràn rẹ. Ó yá, na ẹsẹ̀ rẹ síta."