Òórùn Táìmù Lẹ́yìnkùlé Adéfọlá

Nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, Adéfọlá wà lára àwọn tí kò lè jókòó sílé. Nọ́ọ̀sì ni, Lilburn ní Georgia, l'Amẹ́ríkà, ló ń gbé, ilé ìwòsàn kan ní Decatur ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àrùn náà mú òun náà, ó dá a dùbúlẹ̀, ó sì dìde. Ó dúpẹ́, nítorí ó mọ àwọn tó wọlé síbẹ̀ tí wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde. Àmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan mọ́.

Ẹni tírú rẹ̀ kò bá ṣe rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Oúnjẹ dà bíi bébà lẹ́nu rẹ̀. Òun tí gbogbo ìjọ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó dúró ti ìkòkò lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìrẹsì sì ń jóná níwájú rẹ̀. Hephzibah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

"Mommy, ẹ ò gbọ́ òórùn ni? It's burning."

Adéfọlá pa iná, ó fa àga, ó jókòó, ó sì sunkún. Láti ìgbà náà ló ti sọ fún àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ná.

Màmá Ọláfimíhàn, ọ̀kan lára àwọn ìyá ìjọ, ló gbé igi táìmù kékeré kan, ewé olóòórùn tí wọ́n fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, wá fún un nínú ike.

"Adéfọlá, máa fi ọwọ́ ra á láràárọ̀, kí o gbé e sí imú. Wọ́n ní bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìrìn ni wọ́n ṣe ń kọ́ imú."

"Mo mọ̀, Mà. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọsàn àti kọfí. Ó sú mi."

"Èyí ní ẹ̀mí ní tiẹ̀. Bó bá sú ẹ, ẹ̀mí ẹ̀ ò ní jẹ́ kí o gbàgbé ẹ̀."

Gbígbẹ ni Adéfọlá mọ táìmù sí, wẹ́wẹ́, nínú ọ̀rá, bí wọ́n ṣe ń tà á n'Ílé-Ifẹ̀ tó dàgbà sí. Kò rí tútù rẹ̀ rí. Ó gbìn ín sínú ilẹ̀ amọ̀ pupa lẹ́yìnkùlé, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi pọ́n, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, tó sì kú.

Olúṣèyí, ọkọ rẹ̀, fà á tu, ó wo ìdí rẹ̀. "Omi ló pa á. Ibi gbígbẹ tí oòrùn ń pa ló fẹ́."

Ó kan pákó pọ̀ yí ibẹ̀ ká, ó da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Adéfọlá á kọ́kọ́ ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá ṣì tutù, kò ní bomi sí i. Láràárọ̀, kó tó wọ mọ́tò lọ sí shift, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ ra ewé náà, á gbé ọwọ́ sí imú. Kò sí nǹkan kan. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, táìmù náà ràn kálẹ̀. Òtútù dé, yìnyín bò ó, kò sì kú.

Nígbà tí ìrúwé tún dé, ó gbé sísọ́ọ̀sì jáde láti gé e kó tó yọ òdòdó. Bó ṣe ń gé e, nǹkan kan ta á nímú fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata ní yàrá kejì. Ó rò pé ìrántí lásán ni. Ó tún gbé ewé náà sí imú. Ó ṣì wà níbẹ̀.

"Daddy Hephzibah, ẹ wá."

Olúṣèyí jáde kíákíá. "Ṣé ejò ni?"

"Mo gbọ́ òórùn ẹ̀."

Olúṣèyí kúnlẹ̀ tì í, ìrì ń rin wọ́n lórúnkún, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí Hephzibah fi yọjú, tó bi wọ́n pé ṣé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

"Ọpẹ́ ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Òórùn àlùbọ́sà dé lẹ́yìn rẹ̀, òjò dé, orí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ náà dé. Kọfí ṣì ń rùn sí i bíi táyà tó jóná títí dòní. Kò bínú sí i. Nígbà tó dìde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ dà bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ, òun ò sì fẹ́ jalè lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìsìn, Uncle Nathaniel, àgbà ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bá a níbi tó páàkì mọ́tò sí. Ó rọra sọ fún un pé imú tòun náà ti kú láti ìgbà yẹn, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn kan pàdánù ẹ̀mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Adéfọlá fún un ní ẹ̀ka tó ti yọ gbòǹgbò, Uncle Nathaniel sì gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Grayson.

Táìmù náà ti ràn dáadáa níbẹ̀ báyìí. Uncle Nathaniel kò tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí Adéfọlá bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní ìyàwó òun sọ pé ọwọ́ òun ń ta sánsán láràárọ̀, òun sì gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.